Aró Tí Kò Ṣí

Àbúrò mi Ọlárónkẹ́ nìkan ni òṣìṣẹ́ láàbù tó wà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òmù-Àrán lọ́dún 1987. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Caroline ni orúkọ tèmi, Èkó ni mo ń gbé, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, kì í sì í ṣe ẹni tí ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀.

Ìgbà tí nǹkan dùn ló kọ́ṣẹ́. Owó epo ń wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì, ìjọba sì ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ láàbù. Kàdúná ló lọ. Ìdùnnú ló kún inú lẹ́tà tó ń kọ sí mi nígbà náà. Àpótí gíláàsì tuntun ni wọ́n ń tú lójoojúmọ́, bí aró bá sì dànù, ẹnikẹ́ni kì í wo ilẹ̀, ìgò mìíràn ni wọ́n á ṣí. Nígbà tó padà sí Òmù-Àrán pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, Dókítà Ignatius tó ni ilé ìwòsàn náà gbà á síṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan náà.

Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni rírẹ kòkòrò àrùn láró. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́dún kan tí mo wálé Kérésì, tí a jọ ń jẹun. Ó ní àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí yìí, tí wọ́n ń pè ní bakitéríà, omi ló kún inú wọn, omi náà sì ń tì wọ́n láti inú bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti bọ́ọ̀lù. Ògiri tó yí ara wọn ká ni kò jẹ́ kí wọ́n bẹ́. Oríṣi méjì ni ògiri náà. Ti àkọ́kọ́ nípọn, ìpele lórí ìpele, bí ògiri ilé alámọ̀ àtijọ́. Ti èkejì fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó tún ní awọ kan tó bò ó lóde, awọ ọlọ́ràá tí kì í jẹ́ kí ohun púpọ̀ kọjá. Bí a bá da aró àlùkò lé wọn lórí gíláàsì, tí a fi áyódìn dì í mọ́ wọn lára, àwọn méjèèjì á gbà á. Sípíríìtì ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá dà á lé wọn, ògiri tó nípọn á súnkì, aró inú rẹ̀ kò ní ríbi jáde. Ṣùgbọ́n sípíríìtì á yọ́ awọ ọlọ́ràá ti èkejì, aró á ṣí lára rẹ̀, aró pupa tí a bá dà sí i gbẹ̀yìn ni yóò sì gbé.

"Àwọn tó di àlùkò mú, pẹnisílìnì lè pa wọ́n," ó wí. "Kì í jẹ́ kí wọ́n rí ògiri wọn mọ parí, wọ́n á bẹ́. Àwọn tó bá pupa, pẹnisílìnì kì í sábà ríbi gba awọ òde wọn kọjá. Oògùn mìíràn ni tiwọn. Awọ yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n mi, májèlé ni. Bí kòkòrò náà bá ń kú, tí ègé awọ rẹ̀ já sínú ẹ̀jẹ̀, ibà àti òtútù á máa gbo ènìyàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀."

Mo ní ṣé ó mọ̀ pé oúnjẹ là ń jẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọdún líle dé. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 1986, tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP bẹ̀rẹ̀, ohun tí láàbù ń lò di ohun àwátì. Dókítà Ignatius á wakọ̀ lọ sí Ìlọrin láti ra oògùn, á padà pẹ̀lú ìwọ̀nba tó rí. Pẹnisílìnì ṣì ń wà. Jẹntamáísìnì, tí í ṣe oògùn àwọn kòkòrò aláwọ ọlọ́ràá, ku ìgò kéékèèké mẹ́jọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń tì, kì í sì í yọ ọ̀kan nínú wọn bí ìwé láàbù kò bá sọ pé ó yẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1987, sípíríìtì tán. Ọlárónkẹ́ kò sọ fún dókítà. Ọkùnrin náà ti ń fi í yangàn lójú àwọn àlejò pé ní láàbù tòun, wọn kì í sọ pé kò sí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ àbúrò mi nínú. Ó lọ ra ògógóró tó le jù lọ́jà. Ó dán an wò kó tó lò ó. Ó mú ọyún oówo ọkùnrin kan, nítorí kò sí ẹlẹ́kọ̀ọ́ láàbù tí kò mọ̀ pé kòkòrò inú oówo máa ń di àlùkò mú. Ó rẹ ẹ́, ó fi ògógóró fọ̀ ọ́, ó wo inú maikirosíkóòpù. Àlùkò ni, róbótó, ó so pọ̀ bí èso inú ìdì. Ó sọ fún mi pé òun nìkan ni òun wà nínú yàrá náà, tí òun sì pàtẹ́wọ́ fún ara òun.

Ohun tí kò ṣe ni pé kò dán ògógóró náà wò lára kòkòrò tó yẹ kí aró ṣí lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé aláìsàn kan dé láti Òwu-Ìsin. Suliat ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó ti bí ọmọ rẹ̀ kẹta nílé lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú, ọmọ náà sì wà láàyè, ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ibà ti mú ìyá, ikùn rẹ̀ le, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ sì ń rùn. Ọkọ rẹ̀, Sàláwù, àgbẹ̀ oníṣu, ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tó ń kó iṣu. Àyìsátù, ìyá Sàláwù, gbé ọmọ tuntun tẹ̀ lé wọn.

Dókítà fi òwú gba díẹ̀ nínú ohun tó ń jáde náà, wọ́n gbé e wá sí láàbù. Ọlárónkẹ́ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì méjì, bí ó ṣe máa ń ṣe, ó rẹ ọ̀kan láró, ó fi èkejì pamọ́. Kòkòrò tó rí gùn bí ọ̀pá kúkúrú, wọ́n pọ̀, àlùkò sì ni gbogbo wọn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó gbé e lọ fún dókítà fúnra rẹ̀.

"Ọ̀pá ni, o sì ní àlùkò ni?" Dókítà Ignatius bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ti inú erùpẹ̀ nìyẹn. Orí ilẹ̀ ló bímọ sí. Pẹnisílìnì ni, kí wọ́n fún un lọ́pọ̀."

Wọ́n fún un lọ́pọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òtútù ń gbò ó débi pé bẹ́ẹ̀dì ń mì. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, dókítà wò ó títí, ó ní ohun tí òun ń rí kò jọ ohun tó wà nínú ìwé, ó sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ó mú jẹntamáísìnì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ti lọ sílẹ̀ nígbà náà. Ó kú ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọlárónkẹ́ ní òun ń gbé ife ìtọ̀ kan kọjá nígbà tí Sàláwù jókòó sórí bẹ́ńṣì lóde, tó mú sálúbàtà ìyàwó rẹ̀ dání. Òun kí i, ó sì dá òun lóhùn dáadáa.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo wọlé láti Èkó fún ìrántí ọdún kan ikú bàbá wa. Mo rí i pé ọkàn Ọlárónkẹ́ kò balẹ̀. Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn tí a ti ṣe ìsìn ìrántí tán ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ní òun fẹ́ yà sí ibi iṣẹ́. Kò pé wákàtí kan tó fi padà dé. Ẹ̀yìn ilé ni mo wà, mò ń nu ọ̀dà pupa kúrò ní èékánná mi, nítorí ìyàwó pásítọ̀ ti fojú sọ fún mi pé kò yẹ.

Ó dúró lé mi lórí. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n kọ sára ìgò yẹn?"

"Omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ ni."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i, ó gbóòórùn rẹ̀. "Asitóònù," ó wí. "Ó le ju sípíríìtì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká lọ."

Ìka mẹ́ta mi ṣì pupa tí a fi dé láàbù. Ojú ọ̀nà ló ti sọ fún mi. Ó ní òun rẹ ìtọ̀ bàbá arúgbó kan láró lánàá, gbogbo ohun tó wà lórí gíláàsì sì jẹ́ àlùkò, títí kan sẹ́ẹ̀lì ọyún tó wá láti ara bàbá náà. Kò yé mi. Ó ní, "Sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn kò ní ògiri rárá. Kí ló fẹ́ fi di aró mú? Ó yẹ kó pupa. Bí kò bá pupa, ohun tí mo fi ń fọ̀ ọ́ ni kò fọ nǹkan kan." Ó mú ẹsẹ̀ yá. "Ti Suliat náà, sẹ́ẹ̀lì ọyún rẹ̀ jẹ́ àlùkò. Mo rí i lọ́jọ́ Ajé. Mo rí i, n kò sì rò ó."

Ó yọ gíláàsì kejì ti Suliat, èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn, jáde nínú àpótí. Mo jókòó sórí àpótí ìjókòó kan, mò ń wò ó. Ó da aró àlùkò sí i, ó ṣàn án, ó da áyódìn sí i, ó ṣàn án. Nígbà tó kan asitóònù, ó ka ení, èjì, ó yára da omi lé e. Àlùkò ṣàn wọ inú bàsíà bí ìgbà tí èèyàn ń fọ aṣọ aláró. Ó da aró pupa sí i, ó jẹ́ kó gbẹ, ó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ó wò ó láti etí kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà ló dìde kúrò lórí àga.

"Ẹ wá wò ó."

Mo wò ó. Ọ̀pá kéékèèké ni, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fọ́n káàkiri bí ìgbà tí ìrẹsì dànù.

"Gbogbo wọn," ó wí. "Kò sí àlùkò kankan níbẹ̀."

A bá Dókítà Ignatius nílé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn. Ìròyìn ló ń gbọ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, Ọlárónkẹ́ wọlé, ó dúró níwájú rẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Dókítà pa rédíò.

"O ò sọ fún mi pé ọtí lo ń lò."

"N kò sọ, sà."

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé mo ti yanjú rẹ̀ ni."

Dókítà fọwọ́ bo ojú. Nígbà tó mú un kúrò, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní obìnrin náà dé pẹ́, pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ń fún ní oògùn tó tọ́ tí wọ́n ṣì ń kú. Ó ní èmi àti òun àti Ọlárónkẹ́ nìkan ló mọ̀. "Máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ. Èmi náà ni mo wo aláìsàn, kì í ṣe ìwé nìkan. Ṣùgbọ́n má bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ ọ́. Ìwọ lo máa fi ọ̀rọ̀ náà sínú ilé wọn, kò sì ní jáde mọ́."

Ọlárónkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ Suliat, ó wọ bùbá dúdú, ó ní òun ń lọ sí Òwu-Ìsin. Mo bínú sí i. Mo ní ẹni tó sùn, kò yẹ kí èèyàn jí i. Ó ní, "Àwọn yẹn ò sùn, ẹ̀gbọ́n mi." Mo bá a lọ, nítorí n kò fẹ́ kó dá lọ.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. A bá Sàláwù lórí àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ilé wọn, ó ń yí ègé iṣu tí wọ́n sá fún èlùbọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó sábẹ́ òrùlé, ó ń fi ṣíbí fún ọmọ tuntun ní wàrà. Sàláwù rántí Ọlárónkẹ́. Ó pè é ní nọ́ọ̀sì, ó dúpẹ́ pé ó wá bá wọn kẹ́dùn, ó sì wá ìjókòó fún wa.

Àbúrò mi kò jókòó. "Bàbá Ọmọ, kì í ṣe ìkẹ́dùn nìkan ni mo bá wá. Èmi ni mo wo ohun tó wà lára ìyàwó yín nínú ẹ̀rọ. Mo ṣì í mọ̀. Irú kan ni mo pè é, irú mìíràn ni. Oògùn tí wọ́n fún un kì í wọ ara irú yẹn."

Sàláwù ń wo ẹnu rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó yé mi. Èyí tó máa ń wọ̀ ọ́ lára, ṣé ó wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó yí ègé iṣu kan, ó tún yí òmíràn. "Bí wọ́n bá ti fún un lọ́jọ́ Ajé, ṣé kò ní kú?"

"N kò mọ̀. Ó lè yè. Ó lè má yè."

"Ẹ ò mọ̀ lónìí," ó wí, kò sì gbójú sókè. "Ẹ sì mọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fẹ́ sọ pé sípíríìtì ló tán, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kan, ṣùgbọ́n Ọlárónkẹ́ fọwọ́ kàn mí lápá kí n dákẹ́.

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe báyìí?" Sàláwù bèèrè. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. "Kí n bá yín gbé ẹrù náà ni?"

Àyìsátù dìde pẹ̀lú ọmọ náà léjìká. "Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí fẹ́ sùn," ó wí. "Ẹ máa lọ."

A lọ. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé títì, a dúró de mọ́tò títí. Èmi padà sí Èkó lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́tà rẹ̀ ni mo fi mọ ìyókù. Ní oṣù Èbìbí, tí òjò ti dé, Sàláwù gbé ìyá rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn. Ibà ń ṣe é, ìtọ̀ sì ń ta á. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù, Sàláwù gbé ife náà fúnra rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún ń ṣe é yàtọ̀ sí yín?" ó bi Ọlárónkẹ́.

"Kò sí."

Ó gbé ife náà kalẹ̀. "Ẹ ṣe é níwájú mi."

Ọlárónkẹ́ ṣe é níwájú rẹ̀. Ó ti ní sípíríìtì gidi nígbà náà, ṣùgbọ́n láti oṣù Ṣẹẹrẹ kò jẹ́ rẹ gíláàsì aláìsàn láìkọ́kọ́ rẹ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan tó yẹ kó di aró mú, ọ̀kan tó yẹ kó ṣí. Ó fi àwọn méjèèjì hàn án. Ó sọ ohun tó ń ṣe bó ṣe ń ṣe é. Nígbà tó kan ti ìyá rẹ̀, pupa ni, ọ̀pá kúkúrú. Sàláwù ní òun fẹ́ wò ó. Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó, ó ń rí ìpéǹpéjú ara rẹ̀ nìkan, àbúrò mi ń yí ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀ fún un títí ó fi ní òun ti rí i.

"Ṣé irú èyí ni?"

"Irú rẹ̀ ni."

Ó tún wò ó. "Ohun tó kéré báyìí," ó wí. Ó dìde, ó mú ìwé tí Ọlárónkẹ́ kọ, ó gbé e lọ fún dókítà. Oògùn tó tọ́ ni wọ́n fún Àyìsátù, ara rẹ̀ yá, wọ́n lọ. Sàláwù kò dágbére fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá pàdé lọ́jà Òmù-Àrán, á gbé ọwọ́ sókè lókèèrè, á sì gba ibòmíràn lọ.

Ọlárónkẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méje sí i. Kò rọrùn fún un. Bí sípíríìtì bá tán, ohun tó máa ń kọ sínú ìwé ni pé, "N kò lè sọ." Dókítà Ignatius bínú títí. Ó ní àwọn aláìsàn ń lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ. Òótọ́ ni, wọ́n ń lọ. Ìgbà mìíràn wà tí aláìsàn kú tí ìwé rẹ̀ ń sọ pé n kò lè sọ, ìyẹn náà sì ń dà á láàmú, nítorí kò mọ̀ bóyá ìméfò ì bá gbà á là. Ní ọdún 1994, dókítà ta bẹ́ẹ̀dì àti àga, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Saudi. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, níbi tí kò sí maikirosíkóòpù kankan. Ó ń ya ògiri méjèèjì náà sójú pátákó fún wọn.

Lọ́dún kan tí mo tún wálé, mo sọ fún un pé SAP ló pa Suliat, pé gbogbo wa la mọ̀ bí ìgbà yẹn ṣe rí.

"SAP kọ́ ló fọwọ́ sí ìwé yẹn," ó wí.

N kò tún sọ ọ́ mọ́.